Èékánná Kan Lóòjọ́ Tó fún Ajá Tó Ń Bẹ̀rù

Ajá ọdẹ kì í sábà nílò ẹni tí yóò gé èékánná fún un. Bó ti ń tọpasẹ̀ ẹran lórí òkúta àti ilẹ̀ líle láti ìdájí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá a ha èékánná náà kúrú. Bákan náà ni ajá àdúgbò tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajá tí à ń sìn nínú ọgbà ilé ní Ìkẹjà, ní Bódìjà tàbí ní Abẹ́òkúta lónìí kì í rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rìn. Inú kéèjì ni wọ́n ń wà lọ́sàn-án, bó bá di alẹ́ a ó tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́lé, orí táìlì dídán ni wọ́n sì ń sùn. Èékánná wọn ń gùn lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó ń dín in kù. Bí a bá ti ń gbọ́ kó-kó-kó ẹsẹ̀ ajá lórí táìlì kí a tó rí ajá fúnra rẹ̀, àsìkò àtigé e ti tó.

Ọ̀pọ̀ alájá mọ èyí. Ibi tí wàhálà wà ni pé ajá kọ̀. Bó bá ti rí néèlì kọ́tà, á sá wọ abẹ́ mọ́tò. Bí a bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á já a gbà, á máa ké, nígbà mìíràn á yọ eyín síni. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí a pe ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta jọ, kí wọ́n gbé e dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi okùn so ẹnu rẹ̀, kí a sì gé gbogbo èékánná náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ọ̀rọ̀ náà kì í tán. Bó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, ìró kọ́tà lásán ti tó láti mú kí ajá náà máa jà. Ọ̀nà mìíràn wà tó rọrùn fún ajá àti fún alájá, òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé: kí a má ka èékánná ajá sí iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ́, kí a máa gé ẹyọ kan lóòjọ́.

Ohun tí èékánná gígùn ń fà

Ìka ẹsẹ̀ ni ajá fi ń rìn, kì í fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ènìyàn. Tìmùtìmù tó wà lábẹ́ ìka wọ̀nyí ló yẹ kó gbé ìwúwo ara rẹ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, kò yẹ kí èékánná kan ilẹ̀. Bí èékánná bá gùn, ilẹ̀ á máa tì í padà, ìka á máa yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá á sì yí ìdúró rẹ̀ padà kó má baà rora. Oríkèé ẹsẹ̀ ni yóò jẹ̀yà rẹ̀ bó bá pẹ́. Fún ajá àgbà tí oríkèé ti ń dùn tẹ́lẹ̀, tàbí fún Rottweiler àti Boerboel tí ara wọn wúwo, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èékánná gígùn tún máa ń mú kí ajá yọ̀ lórí táìlì, ó máa ń há sínú káàpẹ́ẹ̀tì tàbí àlàfo géètì, ó sì lè ya dé ìdí.

Èyí tí a máa ń gbàgbé jù ni ti àtàǹpàkò. Ọ̀pọ̀ ajá ló ní èékánná 18: márùn-ún ní ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún ti ẹsẹ̀ iwájú ni àtàǹpàkò. Ó wà lápá òkè, ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, kì í sì kanlẹ̀ bí ajá bá ń rìn jẹ́jẹ́. Nítorí náà, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ha á, àní lẹ́sẹ̀ ajá tó ń rìn káàkiri. Bí a kò bá gé e, á máa ká títí yóò fi padà gún ẹran ẹsẹ̀, ibẹ̀ á sì di egbò. Àwọn ajá kan wà tó ní àtàǹpàkò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, pàápàá bí ajá yín bá jẹ́ onírun gígùn bíi Lhasa, torí irun lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó wà nínú èékánná

Èékánná ajá rí bí ìwo màlúù: ìta rẹ̀ le, kò sì mọ ìrora, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ wà láàyè. Kẹ́rátíìnì ni wọ́n ń pe ohun líle tó wà níta yẹn, òun náà ló wà nínú irun wa àti èékánná tiwa. Nínú rẹ̀ ni ẹran rírọ̀ kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ gba ibẹ̀ kọjá. Bí kọ́tà bá kan ẹran yìí, ẹ̀jẹ̀ á dà, á sì dun ajá gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí èékánná ajá bá funfun, ìṣòro kò pọ̀. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ó rí ẹran pupa náà gba ara rẹ̀, ẹ ó sì mọ ibi tó pin sí. Èyí tó dúdú ló gba ìfarabalẹ̀, torí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí a máa bẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ láti ṣóńṣó, kí a sì máa wo ojú ibi tí a gé lẹ́yìn ìgé kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á gbẹ, á funfun bí ẹfun. Bí ẹ bá rí àmì róbótó kan láàárín rẹ̀, tó dúdú tàbí tó rí eérú-eérú, tó sì ń dán bíi pé ó tutù, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹran ti sún mọ́ tòsí. Ẹ tún yí ẹsẹ̀ náà kí ẹ wo abẹ́ èékánná: ṣóńṣó rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ jin bíi kòtò, ni apá tí a lè gé láìséwu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa ẹran inú yìí. Bí a bá fi èékánná sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun náà á máa gùn tẹ̀ lé e. Nítorí èyí, kò sí bí a ṣe lè sọ èékánná tó ti gùn gan-an di kúkúrú lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ajá náà sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹran náà á máa súnkì padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èékánná á sì kúrú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń di ajá mọ́lẹ̀ kò lè rí èyí ṣe. Èékánná fúnra rẹ̀ ló ń béèrè pé kí a ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí ajá fi ń kọ̀

Ajá tó ń kọ̀ kì í ṣe olóríkunkun. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹsẹ̀ ló fi ń sá fún ewu, bí a bá sì dì í mú níbẹ̀, a ti gba ohun tó gbójú lé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, ìfọwọ́kàn yẹn á jẹ́ ohun àjèjì sí i. Bó bá sì ti fara gba ìrora kọ́tà rí, kò ní gbàgbé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó mú ẹ̀rù náà wá lè jẹ́ ìrora ẹ̀ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yí ọjọ́ náà ká ni ajá á máa bẹ̀rù: kọ́tà, ìró rẹ̀, igun ilé tí a ti gé e, àti ọwọ́ ẹni tó gé e.

Ajá máa ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun kó tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Á máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀, á máa yán láìṣe pé oorun ń kùn ún, á gbé ojú kúrò, á fi etí lélẹ̀, á ki ìrù bọ àárín itan. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi, tí funfun ojú rẹ̀ sì yọ síta bó ti ń wò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé góńgó nìyẹn. Bó bá kùn, ẹ má nà án. Ìkìlọ̀ ni kíkùn yẹn. Ajá tí a bá nà torí pé ó kùn lè kọ́ láti bu ni jẹ láìkìlọ̀ mọ́.

Fífi okùn so ẹnu ajá tún ní ewu tirẹ̀. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu yíyà àti mímí hẹlẹ-hẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí a bá fokùn so ẹnu rẹ̀ pa nínú ooru, tó sì tún ń jà, ara rẹ̀ lè gbóná débi tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi wà nínú ewu. Ajá onímú kúkúrú ló tètè ń bá èyí pàdé jù.

Ọwọ́ ṣáájú, oúnjẹ tẹ̀ lé e

Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, kíyè sí i pé bí àmì kan bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, itọ́ ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bó bá ti rí àmì náà nìkan, kí oúnjẹ tó dé rárá. Orí ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí dúró lé. A fẹ́ kí ìfọwọ́kan ẹsẹ̀ di àmì pé nǹkan dídùn ń bọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ẹran hàn án kí ẹ tó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹran náà ló máa di àmì ewu, ẹ ó sì rí ajá tó ń sá fún ẹran.

Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ dára ju èyí tó ń jẹ lójoojúmọ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ tàbí ẹran adìẹ bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àlùbọ́sà sè é, ẹ sì yọ egungun kúrò, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, egungun tí a ti sè sì lè fọ́ gún un nínú. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò, ẹ ka ara ìgò náà dáadáa. Èyí tó bá ní xylitol nínú jẹ́ májèlé fún ajá.

Ẹ yan àsìkò tó ti sáré ṣeré tán, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí káàpẹ́ẹ̀tì sórí táìlì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yọ̀. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹ fún un ní ẹran. Bí kò bá ka ìyẹn sí nǹkan mọ́, ẹ fọwọ́ ra apá rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ẹsẹ̀, ẹ fún un ní ẹran. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ẹ di ìka kan mú, ẹ tẹ ìka náà kí èékánná yọ síta. Ẹran ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èyí bá ti rọrùn ni kọ́tà tó máa dé: ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó ti lè gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi kan èékánná láìgé e, lẹ́yìn náà ẹ fi gé ẹ̀ka igi gbígbẹ tàbí sùpàgẹ́tì tí a kò tíì sè kí etí rẹ̀ lè mọ ìró náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí a bá jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ nígbà tí ajá fà á, a ti kọ́ ọ pé kó máa fà á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ajá bá fa ẹsẹ̀, ó ń sọ pé ìgbésẹ̀ yẹn ti tóbi jù. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ tún máa bọ̀ láti ibẹ̀. Ajá tó bá mọ̀ pé òun lè kúrò nígbà tó bá wu òun kì í kánjú kúrò. Àwọn ajá kan máa ń ṣe tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ti fara pa rí sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọmọ ajá ló rọrùn jù, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá tí wọ́n bí i, torí àsìkò yẹn ni ọkàn rẹ̀ ṣí sí ohun tuntun jù lọ.

Ọjọ́ ìgé

Kọ́tà oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní abẹ méjì tó ń pàdé bíi ti sísọ́ọ̀sì, òun ló yẹ ajá ńlá. Èkejì ní ihò tí a ń ki èékánná bọ̀, ó sì bá ajá kékeré mu. Èyíkéyìí tí ẹ bá ní, ẹ rí i pé ó mú. Kọ́tà tó ti kú ń tẹ èékánná pa kó tó gé e, ìtẹ̀pa yẹn gan-an sì ń dun ajá. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lọ èékánná wà pẹ̀lú, ó dára fún èyí tó dúdú, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó sì ń gbóná. Ẹ má fi í lé ojú kan ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí ọ̀pọ̀ ajá ló fara mọ́ ọn ju ti iwájú lọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn bó ṣe máa ń ká, ẹ má fà á sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò yín sórí ìka ajá, ẹ fi ìka yín sábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀, ẹ má fún un pa. Ẹ bẹ́ ṣóńṣó èékánná náà díẹ̀, ẹ fún un ní ẹran púpọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí, kódà bó bá dúró tí ẹ sì rò pé ó lè gba òmíràn. Bí ẹ bá ń gé ẹyọ kan lóòjọ́, ọjọ́ 18 ni ẹ ó fi yí gbogbo rẹ̀ ká, oṣù kò sì ní tíì parí. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù jẹ́ ti ìfọwọ́kàn àti ẹran láìsí kọ́tà. Bó bá di oṣù tuntun, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ẹ lè máa gé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tọ́jú ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí fúláwà sítòsí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ má kígbe. Ẹ ki èékánná náà bọ ìyẹ̀fun, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣí i wò. Ó sábà máa ń dá. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú 20 tí kò sì dá, ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ìfọwọ́kàn àti ẹran fún ìgbà díẹ̀ kí kọ́tà tó tún jáde.

Ajá tí kò fẹ́ rí kọ́tà rárá ṣì ní ọ̀nà. Ẹ lẹ sáńpépà, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, mọ́ pátákó gbọọrọ kan, kí ẹ sì kọ́ ajá láti máa fi ẹsẹ̀ iwájú ha á bó ṣe máa ń ha ilẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ha á, ẹ fún un ní ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ló máa dín èékánná rẹ̀ kù. Àmọ́ sáńpépà kì í dé àtàǹpàkò, ẹ ó ṣì ní láti fi sùúrù gé ìyẹn.

Ìgbà tó yẹ kí dókítà dá sí i

Bí èékánná bá ti ya, tàbí tó ti gún ẹran ẹsẹ̀, kò sí àyè fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mélòó kan. Dókítà ẹranko ló ni ọjọ́ náà. Ó lè fún ajá ní oògùn tí yóò mú kí ara rẹ̀ rọ̀, tàbí kó mú un sùn, kó sì ṣe iṣẹ́ náà láìsí ìjà. Ẹ má fún ajá ní ọtí, ẹ má sì fún un ní oògùn oorun tàbí oògùn ìrora tiwa. Paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá. Bí ẹ bá mọ̀ pé ajá yín lè bu ni jẹ, ẹ ra ìbonu oníhò tí a fi wáyà tàbí rọ́bà ṣe, èyí tó lè yanu mí nínú rẹ̀ tó sì lè gba ẹran jẹ. Kí ẹ fi ẹran kọ́ ọ láti máa wọ ìyẹn náà kí ọjọ́ ìgé tó dé.

Bó bá ṣèèṣì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ì báà jẹ́ ajá inú ilé. Dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti fara hàn lára ènìyàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà lè dènà rẹ̀. Kí gbogbo ajá ilé máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó ṣe yẹ.

Ajá tó ti kọ́ láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ti fún wa ní ohun tó ju èékánná lọ. A lè yọ eégbọn láàárín ìka rẹ̀, a lè fa ẹ̀gún yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, a lè fọ egbò rẹ̀, dókítà sì lè gún un lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta dì í mọ́lẹ̀. Gbogbo ìtọ́jú tí ajá nílò títí yóò fi dàgbà gba ọwọ́ ènìyàn kọjá. Iṣẹ́ alájá ni láti rí i pé ajá rẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù ọwọ́ yẹn, kò sì sí ọjọ́ tó pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀.